Ìfẹ́ Tí Kò Ní "Bí"

Èmi ni mo ń fa agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì òkè yìí,
ní abúlé kan ní Svaneti, ní ilẹ̀ Jọ́jíà,
níbi tí ilé òkúta ti ga ju igi lọ,
tí òtútù ń bá wa gbé fún oṣù méje
bí àlejò tó gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀.
Mo mọ ohùn agogo ìgbéyàwó, mo mọ ti òkú.
Ti òru ọjọ́ yẹn, n kò rí orúkọ fún un.

Yìnyín já láti orí òkè láago mẹ́ta òru.
Kò kan ilẹ̀kùn.
Ó gbé ilé Darejan mì, ó gbé ilé ẹran rẹ̀ mì,
ó fi ilé Ansor tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀
pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì kan tó ti gan lórí okùn.

Darejan fúnra rẹ̀, igun ògiri ló gbà á là;
a fà á jáde kílẹ̀ tó mọ́.
Ọjọ́ méjì la tún fi ṣọ́bìrì wa funfun lórí funfun.
A kọ́kọ́ rí màlúù. Ó yè.
Èéfín ń jáde nímú rẹ̀, ó ń wò wá
bí ẹni tí a jí lójú oorun.
Lẹ́yìn náà la rí Bimurza, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà,
bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́.

Ní ogójì ọjọ́, àlùfáà Teimuraz dúró síwájú wa.
Ó ní, "Ìfẹ́ Ọlọ́run kò ní 'bí' nínú.
Kì í ṣe bí o bá dára, kì í ṣe bí o bá gbọ́ràn.
Ó fẹ́ ọ, ó tán."
Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Òun ló ṣe ìrìbọmi ọmọ náà.

Gulnazi sọ ọ́ lẹ́yìn mi, wúyẹ́wúyẹ́:
"Bí bàbá ọmọ náà bá ti ń gbààwẹ̀ ni..."
Darejan gbọ́. Etí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í di.
Ó dìde.
"Gulnazi, jókòó ti 'bí' tìrẹ.
Ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ráyè dá?
Ó jí ṣúgà mi lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ti dárí jì í kó tó gbé e mì."

Ó wá kọjú sí àlùfáà:
"Bàbá, ẹ ní kò sí 'bí'. Ó dáa.
Èmi bí. Mo bí márùn-ún, mo sin mẹ́ta.
Mo mọ ohun tí ẹni tó bímọ máa ń ṣe
nígbà tí òkè bá ń wó bọ̀:
ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò fi gbà á.
Mo fẹ́ bi yín léèrè,
ẹ̀yìn ta ló wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn?"

Àlùfáà la ẹnu, ó pa á dé.
Ó gbójú sókè wo ère orí àgbélébùú,
ẹni tí wọ́n bí, tí òun náà béèrè ìdí,
tí ẹnikẹ́ni kò dá lóhùn.
Kò tọ́ka sí i. Mo yìn ín fún ìyẹn.

Èmi ò mọ̀wé. Okùn ni mo mọ̀.
Mo mọ̀ pé agogo kì í bi òkú léèrè ìwà
kó tó dún fún un.
Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run rí?
Ṣùgbọ́n irin ni agogo.
Ìfẹ́ tí kò kọ ẹnikẹ́ni,
tí kò sì na ọwọ́ fa ẹnikẹ́ni jáde,
kí là ń pè é?

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, mo bá a nídìí màlúù,
ó ń fún wàrà.
Mo ní, "Darejan, o ò tíì tà á?"
Ó ní, "Kí ló fi ṣẹ̀ mí, pé ó yè?"
Wàrà ń lu garawa.
"Mo ṣì ń gbàdúrà," ó wí, láì wò mí.
"Mi ò tíì dárí jì í. Mi ò sì yéé pè é.
Èmi náà fẹ́ ẹ láìsí 'bí'.
Kí ó tọ́ ọ wò,
kí ó mọ bó ṣe ń ta ẹni."

Ó bu ife kan fún mi. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́.
Mo ti mu ún tán kí n tó rántí
pé inú ààwẹ̀ la wà.